Wọ́n ti ọ̀nà mọ́ Minitel lọ́dún 2012, àmọ́ àwọn tó ń kó o jọ kò jẹ́ kó kú

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí fáwọn èèyàn kan nílẹ̀ Faransé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ọjà àlòkù ni wọ́n ń gbà lọ. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, wọ́n á tú inú páálí, wọ́n á sì bi àwọn ìyá arúgbó tó ń ta ẹrù ilé wọn bóyá kinní kan kò ṣẹ́ kù sórí àjà. Kì í ṣe wúrà ni wọ́n ń wá, kì í sì í ṣe aṣọ. Àpótí kan ni, tí kò ju tẹlifíṣọ̀n kékeré lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ kọfí tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ó ní ìdérí kan níwájú. Bí èèyàn bá ṣí ìdérí náà wálẹ̀, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ló máa bá níbẹ̀. Minitel lorúkọ ẹ̀rọ náà.

Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ lè sọ pé pàǹtírí lásán ni. Ó ṣe tán, láti ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2012 ni ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti ti ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ pa. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ọ̀nà mọ́, kí lèèyàn tún fẹ́ fi ṣe? Síbẹ̀, títí di òní olónìí, àwọn ilé kan wà tí Minitel ti ń tàn lórí tábìlì, tí lẹ́tà ń tò lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń gba ìròyìn wọlé. Ohun tó fà á tó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tó sọnù tí kò sí ẹni tó lè wá a rí mọ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fetí sí ni.

Asọ̀rọ̀mágbèsì tó ń gbèsì

Ẹni tó bá mọ Rediffusion láyé ijọ́un máa tètè lóye ohun tí Minitel jẹ́. Ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà ohùn wọlé àwọn èèyàn l’Ékòó, ó sì dé Ìbàdàn lọ́dún 1939. Àpótí tó wà lára ògiri yẹn kò lè wá ilé-iṣẹ́ rédíò kankan fúnra rẹ̀. Àwọn tó wà ní ìdí ẹ̀rọ lọ́hùn-ún ló ń fi wáyà darí ohùn sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á lọ́hùn-ún, àpótí di igi lásán. Asọ̀rọ̀mágbèsì làwọn èèyàn ń pè é, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì.

Ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní terminal náà nìyẹn, àfi pé òun máa ń gba èsì. Terminal ní ojú tí èèyàn ń wò, ó sì ní bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń ronú. Kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà níbòmíràn, bóyá ní ìlú tó jìnnà, ló ń ṣe gbogbo ìṣirò, tó sì ń dá èsì padà. Ẹnu àti etí ni terminal, kì í ṣe ọpọlọ.

Ohun tó ń so méjèèjì pọ̀ ni wọ́n ń pè ní módẹ́mù. Ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe wáyà tẹlifóònù fún, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kì í sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Módẹ́mù ló wá di ògbufọ̀ láàárín wọn. Yóò gba lẹ́tà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, yóò sọ ọ́ di súfèé, súfèé náà yóò gba inú wáyà lọ, módẹ́mù kejì tó wà lọ́hùn-ún yóò sì tún sọ ọ́ di lẹ́tà padà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ariwo tí ẹ̀rọ fáàsì máa ń pa lórí tẹlifóònù rí ti gbọ́ ohùn módẹ́mù nìyẹn.

Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní kọ̀ǹpútà láyé àtijọ́ tí kò ní irú ẹ̀rọ báyìí. Lọ́dún 1968, ilé ẹ̀kọ́ Lakeside ní ìlú Seattle, l’Amẹ́ríkà, gba ẹ̀rọ Teletype kan tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà bíi tápíráítà, wáyà tẹlifóònù ló sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà níbòmíràn. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni Bill Gates, tó dá ilé-iṣẹ́ Microsoft sílẹ̀, ti kọ́kọ́ mọ kọ̀ǹpútà nígbà tó wà lọ́mọ ilé-ìwé. Láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Amẹ́ríkà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni so nǹkan tirẹ̀ mọ́ wáyà wọn, títí ìjọba fi pàṣẹ lọ́dún 1968 pé kí wọ́n fàyè gbà á. Ìdí nìyẹn tí àwọn módẹ́mù kan fi ní ife rọ́bà méjì lórí: èèyàn á gbé etí àti ẹnu tẹlifóònù lé wọn, ẹ̀rọ á sì máa súfèé sí i létí.

Lọ́dún 1978 ni ilé-iṣẹ́ DEC gbé terminal VT100 jáde, lọ́dún 1981 sì ni ilé-iṣẹ́ Hayes gbé módẹ́mù tirẹ̀, Smartmodem, jáde. Gbogbo wọn làwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ ń wá kiri títí dòní. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́, yunifásítì àti ilé àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú wọn wà. Minitel ní tirẹ̀ wọ yàrá ìdáná mẹ̀kúnnù.

Bí ìjọba ṣe gbé e lé mẹ̀kúnnù lọ́wọ́

Ṣáájú àwọn ọdún 1980, tẹlifóònù ilẹ̀ Faransé kì í ṣe ohun tí èèyàn lè máa fi yangàn. Ẹni tó bá béèrè ìlà sínú ilé rẹ̀ lè dúró fún ọdún mélòó kan. Apanilẹ́rìn-ín kan, Fernand Raynaud, fi í ṣe àwàdà ní àwọn ọdún 1950. Ọkùnrin inú àwàdà náà wà ní Paris, ó fẹ́ pe nọ́ńbà 22 ní Asnières, ìlú tó fara ti Paris gan-an. Ó pè títí, kò wọlé. Nígbà tó sú u, ó ní kí wọ́n fún òun ní New York, l’Amẹ́ríkà, kí àwọn yẹn wá bá òun pe Asnières!

Lọ́dún 1974, wọ́n fi Gérard Théry ṣe ọ̀gá àgbà fún ẹ̀ka tẹlifóònù ìjọba, ìjọba sì da owó ńlá sórí fífa ìlà tuntun. Bí ìlà ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù tí wọ́n ń tẹ̀ fún gbogbo ilé ń wúwo sí i, tí owó bébà sì ń gorí. Lọ́dún 1978, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì, Simon Nora àti Alain Minc, kọ ìwé sí Ààrẹ Valéry Giscard d’Estaing. Wọ́n kìlọ̀ pé bí ilẹ̀ Faransé kò bá so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ tẹlifóònù fúnra rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni yóò wá bá wọn ṣe é, wọn yóò sì di olówó ilé níbẹ̀.

Àwọn onítẹlifóònù wá ní èrò kan. Dípò kí wọ́n máa tẹ ìwé nọ́ńbà lọ́dọọdún, kí ló dé tí wọn kò fi terminal kan sí ilé kọ̀ọ̀kan, kí onílé máa wá nọ́ńbà fúnra rẹ̀? Oṣù keje, ọdún 1980, ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò nílé 55 ní Saint-Malo, ìlú etí òkun ní Brittany. Lọ́dún 1981, wọ́n dán an wò nílé 2,500 ní Vélizy àti àwọn ìlú tó yí i ká, lẹ́bàá Paris. Ọdún 1982 ló bọ́ sí ìta gbangba. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ náà yá àwọn èèyàn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ téèyàn bá fi wá nọ́ńbà, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gba tiẹ̀ o. Àwọn oníwèé ìròyìn fárí gá. François-Régis Hutin, ọ̀gá ìwé ìròyìn Ouest-France, wà lára àwọn tó bá ìjọba fà á gidigidi. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn èèyàn bá ń rí ìpolówó ọjà lójú ẹ̀rọ, ta ni yóò tún sanwó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn mọ́? Ìjọba pẹ̀tù sí wọn nínú. Nígbà tí ètò 3615 bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984, àwọn oníwèé ìròyìn ni wọ́n kọ́kọ́ fún láàyè láti tajà lórí rẹ̀, owó tí wọ́n sì rí níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ètò náà rọrùn. Èèyàn á gbé tẹlifóònù, á tẹ 3615, á gbọ́ súfèé, á tẹ bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Connexion sí, á sì gbé tẹlifóònù kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, á tẹ orúkọ ibi tó fẹ́ lọ. Kò sí pé ó ń wá nọ́ńbà báǹkì kiri. Inú owó tẹlifóònù oṣù ni wọ́n ń ka iye tó jẹ sí, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù á mú tirẹ̀, á sì fún oníṣẹ́ ní èyí tó kù.

Láti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dé ọ̀rọ̀ màlúù

Nígbà tí àwọn ọdún 1990 fi ń lọ sópin, Minitel tó wà káàkiri ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 9, iṣẹ́ tí èèyàn lè rí lórí rẹ̀ sì ti ju 20,000 lọ. Orí rẹ̀ làwọn èèyàn ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n ń wo iye tó wà nínú báǹkì wọn, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń wo èsì ìdánwò wọn. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gùn lé ìwọ́de lọ́dún 1986, wọ́n fi Minitel ránṣẹ́ síra wọn láti ìlú dé ìlú. Àwọn odi tí tẹlifóònù kò wúlò fún tẹ́lẹ̀ rí i lò láti bá ẹbí wọn sọ̀rọ̀, ìran Minitel kan tí wọ́n ń pè ní Dialogue tiẹ̀ wà fún wọn.

Àwọn tó ń wá olólùfẹ́ náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìsọkúsọ òru pọ̀ lórí rẹ̀ débi pé ìyẹn ló kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ Faransé bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ náà. Xavier Niel, tó padà di olówó ńlá tó sì dá ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Free sílẹ̀, orí Minitel ló ti kọ́kọ́ rí owó.

Ṣùgbọ́n àwọn tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí dé òpin, àwọn àgbẹ̀ wà lára wọn. Ní Brittany, níbi tí wọ́n ti ń sin màlúù oníwàrà, Minitel ṣì wà nínú ilé oko lọ́dún tí wọ́n pa á. Bí màlúù bá bímọ, òfin ní kí àgbẹ̀ fi tó ìjọba létí. Bí ara abo màlúù bá ń fẹ́ akọ, àgbẹ̀ ní láti ránṣẹ́ pe ẹni tó máa wá fi abẹ́rẹ́ gún un lóyún, kó tó pẹ́ jù. Bí ẹran bá kú, wọ́n ní láti wá gbé e. Gbogbo èyí ni àgbẹ̀ ń fi ìka ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lórí ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀, tí kì í béèrè pé kí èèyàn kọ́ nǹkan tuntun lọ́dọọdún. Íntánẹ́ẹ̀tì tó yá kánkán kò tètè dé oko, bẹ́ẹ̀ wáyà tẹlifóònù ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ohun tó sọnù lọ́jọ́ náà

Íntánẹ́ẹ̀tì ló gba ọjà lọ́wọ́ Minitel. France Télécom, tí wọ́n wá ń pè ní Orange, ló ni ọ̀nà náà. Nígbà tí wọ́n rí i pé owó tó ń wọlé kò tó nǹkan mọ́, wọ́n dá ọjọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2012, wọ́n tì í pa.

Ilé-iṣẹ́ náà ló ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, nítorí pé yíyá ni wọ́n yá àwọn èèyàn. Ó gba èyí tó rí gbà padà, wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n sì fi ike àti irin inú wọn ṣe nǹkan mìíràn. Èyí tó ṣẹ́ kù ni àwọn èèyàn gbàgbé sórí àjà, sínú àká tàbí sábẹ́ àtẹ̀gùn.

Àmọ́ kì í ṣe àpótí ni òfò tó tóbi jù. Bó ṣe jẹ́ pé orin tí Rediffusion kọ kò sí nínú àpótí ara ògiri, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú Minitel kò sí nínú Minitel. Inú kọ̀ǹpútà àwọn oníṣẹ́ ló wà. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà, àwọn oníṣẹ́ náà pa kọ̀ǹpútà wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tọ́jú ohunkóhun. Ohun tí àwọn èèyàn sọ fún ara wọn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ojú ìwé tí àwọn ayàwòrán fi àmì kéékèèké tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ìròyìn, eré, ìpolówó, apá tó pọ̀ jù nínú wọn ti lọ. Ẹni tó bá ní Minitel lónìí ní ẹnu àti etí. Ọ̀rọ̀ ló ń wá.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kó o jọ kì í fi í mọ sórí àpótí. Wọ́n ń wá ìwé ìlò rẹ̀, ìwé ìpolówó, fọ́tò ojú ẹ̀rọ, àti àwo kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí àwọn oníṣẹ́ lè ti gbàgbé ojú ìwé wọn sí. Kì í ṣe ilẹ̀ Faransé nìkan ni wọ́n wà. Àwọn olùkọ́ yunifásítì méjì l’Amẹ́ríkà, Julien Mailland àti Kevin Driscoll, kó Minitel jọ, wọ́n tú u wò, wọ́n sì gbé ìwé kan jáde nípa rẹ̀ lọ́dún 2017.

Igi ganganran má gùn mí lójú

Bí ẹni tó ń kó o jọ bá gbé Minitel délé, kì í sáré tan iná sí i. Á kọ́kọ́ wo wáyà rẹ̀ bóyá eku ti jẹ ẹ́. Ike rẹ̀ lè ti pọ́n nítorí oòrùn àti ọjọ́ orí. Bọ́tìnnì rẹ̀ lè ti le nítorí eruku. Kapásítọ̀ inú rẹ̀, àwọn agolo kéékèèké tó ń tọ́jú iná, lè ti gbẹ, tí ojú rẹ̀ á fi máa gbọ̀n tàbí kó máa ṣókùnkùn. Gbogbo èyí ló ní àtúnṣe, irú èyí tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe mọ̀ dáadáa.

Ibi tí ewu wà ni gíláàsì ojú rẹ̀. Irú ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ ni, iná tó ń lò sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt. Iná yìí lè ṣì dúró síbẹ̀ kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀ lára ògiri. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ náà kì í ṣí ẹ̀yìn Minitel. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ tú iná náà dà sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Bí ẹ̀rọ bá ti ń tàn, báwo ló ṣe máa rí ọ̀rọ̀ sọ? Ibí yìí ni ọgbọ́n wà, àwọn tó ṣe Minitel sì ni ọpẹ́ yẹ, nítorí pé ohun méjì ni wọ́n ṣe tó gbà á lọ́wọ́ ikú.

Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n dá ihò kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, ihò yípo tó ń gba irin márùn-ún, kí èèyàn lè so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tàbí kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Kódà ní àwọn ọdún 1980, àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó módẹ́mù máa ń so kọ̀ǹpútà ilé wọn mọ́ Minitel ọ̀fẹ́ níbi ihò yìí, wọ́n á sì máa lò ó bíi módẹ́mù. Èkejì ni pé wọ́n kọ èdè tí Minitel ń sọ sínú ìwé, wọ́n sì gbé ìwé náà jáde fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Àmì wo ló ń nu ojú ẹ̀rọ, èwo ló ń mú lẹ́tà tóbi, èwo ló ń mú un ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé náà. Ohun kan náà ló gba VT100 là: kọ̀ǹpútà òde òní ṣì ń sọ èdè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ DEC fúnra rẹ̀ kò sí mọ́.

Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kó Minitel jọ lónìí lè mú kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju káàdì ìdánimọ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi, kó so ó mọ́ ihò ẹ̀yìn náà. Ó ní láti fi ẹ̀rọ kékeré kan sáàárín wọn, nítorí pé iná volt 5 ni Minitel fi ń sọ̀rọ̀, Raspberry Pi sì ń lo volt 3.3. Linux, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà lágbàáyé, ṣì ní orúkọ Minitel nínú àkójọ àwọn terminal tó mọ̀. Àwọn mìíràn ti ṣe pátákó iná kékeré kan tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti inú afẹ́fẹ́, tó sì ń gba iná tirẹ̀ láti inú ihò Minitel fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ọdún 1980 ó lé wá ń gba ìròyìn tòní láìfi ọwọ́ kan wáyà tẹlifóònù.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n fẹ́ gbọ́ súfèé náà. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní MiniPavi, tí Minitel lè fi tẹlifóònù pè bíi ti àtijọ́, tó sì lè gba íntánẹ́ẹ̀tì dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Onírúurú iṣẹ́ tí àwọn èèyàn kọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ọ̀nà pa ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ àfarawé ti àtijọ́.

Ẹni tó bá jókòó sí iwájú rẹ̀ máa ní láti ní sùúrù. Módẹ́mù inú Minitel ń gba bit 1,200 wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn nǹkan bíi lẹ́tà 120. Ojú ẹ̀rọ náà ń gba lẹ́tà 40 ní ìlà kan, ìlà 25 sì ni. Nítorí náà, ojú ìwé tó bá kún dẹ́múdẹ́mú máa lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ kó tó tò tán. Ọ̀nà tí tẹni tó ń tẹ̀wé ń gbà lọ tiẹ̀ tún lọ́ra ju ìyẹn lọ, bit 75 péré ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń tẹ̀wé ju lẹ́tà méje lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan? Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé èèyàn ń kàwé ju bó ṣe ń kọ ọ́ lọ, wọ́n sì la ọ̀nà ńlá fún ohun tó ń bọ̀, wọ́n la ọ̀nà tóóró fún ohun tó ń lọ. Kò sí ìnáwó àsán níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì náà ti ń tì

Bí wọ́n ṣe ń jí Minitel dìde, ilẹ̀ tó dúró lé ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti oṣù kọkànlá, ọdún 2018, ni Orange kò ti ta ìlà tẹlifóònù ti àtijọ́ fún oníbàárà tuntun mọ́. Wọ́n ti ń yọ wáyà kọ́pà kúrò ní ìlú dé ìlú, wáyà gíláàsì tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀, ètò wọn sì ni pé kí kọ́pà tán nílẹ̀ náà nígbà tí ọdún 2030 bá fi máa parí. Lóòótọ́, àpótí íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé ṣì ní ihò tẹlifóònù. Àmọ́ ọ̀nà tuntun yìí gé ohùn sí wẹ́wẹ́ kó tó rán an, bó bá sì sọ díẹ̀ nù, etí èèyàn kò ní mọ̀. Módẹ́mù máa mọ̀. Lẹ́tà á dàrú lójú ẹ̀rọ, tàbí kí ìpè náà já.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kó o jọ ti ń gbọ́kàn lé ihò ẹ̀yìn ju súfèé lọ. Ohun tí Minitel ń sọ lè pẹ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ lórí tẹlifóònù, tí àwọn òbí àti òbí àgbà wọn mọ̀ létí, ìyẹn lè di ohun tí èèyàn máa lọ gbọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò jìnnà. Ẹ̀rọ kì í kú lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá ti ọ̀nà mọ́ ọn. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tó mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ mọ́ ló ń kú. Àwọn àgbẹ̀ Brittany padà sọ́dọ̀ màlúù wọn, wọ́n sì kọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Minitel tí wọ́n gbé sí àká ni ẹnì kan ń tún ṣe lónìí, nítorí pé ìwé èdè rẹ̀ kò sọnù.

Nílẹ̀ Yorùbá náà, àpótí Rediffusion lè ṣì wà nínú ilé àgbà kan l’Ébàdàn tàbí l’Ékòó, kí eruku bò ó, kí àwọn ọmọ máa wò ó bí igi ìdáná. Kí wọ́n tó sọ ọ́ nù, ó dára kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ bàbá tàbí ìyá tó gbọ́ ohùn rẹ̀: aago mélòó ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ta ló máa ń wá gba owó rẹ̀, orin wo ló ń kọ? Kí wọ́n kọ èsì náà sínú ìwé, kí wọ́n sì gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Nígbà náà ni ẹni tó bá jogún àpótí yóò jogún ọ̀rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.